Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi Tún Ráútà Ṣe

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé ráútà wa kò sáré mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ní ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anloga Junction ní Kumasi, níbi tí ariwo ayùn kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó gbé pákó ọwọ́ rẹ̀ wá bá mi, ó sì na ìka sí ibi tó ti jó dúdú létí rẹ̀.

"Dádì, ẹ wo nǹkan tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe sí igi. Bí mo bá ti ń ti pákó sí i, ńṣe ló ń rọlẹ̀. Kò lágbára mọ́."

Mo gba pákó náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Lóòótọ́ ló jó.

Ráútà jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ọbẹ lẹ́nu, ọbẹ náà sì ń yí bí ìjì. Òun la fi ń gbẹ́ ọnà sí etí ilẹ̀kùn àti etí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn káfíńtà mìíràn máa ń fọwọ́ mú un lórí igi. Ní tiwa, mo dorí rẹ̀ kodò, mo dè é mọ́ abẹ́ tábìlì kan tí mo fi ìrókò kàn, kó lè jẹ́ pé ọbẹ rẹ̀ nìkan ló yọrí sókè nínú ihò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á wá máa ti igi kọjá níwájú ọbẹ náà. Bí ọbẹ bá ń yí bó ṣe yẹ, etí igi á dán bí ẹni fi epo pa á. Bí eré rẹ̀ bá wálẹ̀, igi á jó, tàbí kó ya, tàbí kó ta padà lu ẹni tó ń tì í.

Ìdí tábìlì yẹn ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí aṣọ rírán tí wọ́n ń kó wọ̀lú gba gbogbo oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní òun á máa bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ilẹ̀ ló fẹ́ máa gbá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dúró nídìí tábìlì náà, ó ní kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́: ojú ní í ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Kí oṣù méjì tó pé, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ju tèmi lọ. Àwọn káfíńtà àdúgbò á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó. Bí wọ́n bá yìn ín, èmi ni inú mi máa ń dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n yìn.

Kumasi ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Àwọn òbí wa ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí wọ́n wá ń ṣòwò. Yorùbá là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dun ìyàwó mi dé ọkàn, Twi, èdè àwọn ará ìlú náà, ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ wa fún ọkùnrin kan tó ń kọ́lé. Nítorí náà, bí ìyàwó mi ṣe ní ẹ̀rọ kò lágbára, mi ò fi falẹ̀. Mo ní, "Iná ni. Bí gbogbo àwọn tó ń la igi ládùúgbò yìí bá tan ẹ̀rọ wọn pọ̀, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún wa?" Mo tún wo wáyà tí a fi fa iná dé ìdí tábìlì. Ó tín-ín-rín, ó gùn, a sì ká a jọ sílẹ̀ bí ejò. Mo ra èyí tó nípọn, mo gé e kúrú, mo sún tábìlì mọ́ ibi tí iná ti ń wá. Nígbà tí a tan ráútà náà, ohùn rẹ̀ le ju ti àná lọ.

"Ṣé o rí i?" ni mo wí.

Ìyàwó mi ti pákó méjì kọjá. Ó mi orí. "Ó dáa díẹ̀."

Mo rí i pé ó fi ìbàdí ti tábìlì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sún mọ́ iṣẹ́ náà ni.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí igi tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yọ ọbẹ rẹ̀. Oje igi ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ sì ti kú. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo rí i pé kò wúlò mọ́, mo fi tuntun sí i. Ibẹ̀ ni mo ti wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, níbi tí bọ́tìnnì kékeré kan wà tí a fi ń yan bí yóò ṣe sáré tó, láti orí ení títí dé ẹ̀fà. Ọbẹ tó tóbi kì í fẹ́ eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n ọbẹ kékeré tí à ń lò fún ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn fẹ́ kó sáré dáadáa. Orí àrún ni mo fi í sí tẹ́lẹ̀. Mo bá a lórí èjì.

"Ta ló dín eré ẹ̀rọ yìí kù?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ariwo rẹ̀ ń wọ̀ mí lórí, Dádì. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni orí ti ń fọ́ mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "O dín eré rẹ̀ kù, o tún ń pariwo pé kò sáré!"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbà ló ń dé. Mo dá bọ́tìnnì padà sórí àrún. Lọ́jọ́ kejì, mo ra òwú tí yóò máa fi dí etí rẹ̀, mo sì ra páràsítámọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe sí ọ̀rọ̀ orí fífọ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ náà wá bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn. Kódà bí igi kankan ò bá kàn án, á sáré lọ sókè fúnra rẹ̀, á wálẹ̀, á tún lọ sókè, bí ẹni tó ń mí gùlegùle. Mo yọ wáyà rẹ̀ lára iná, mo tú u kúrò lábẹ́ tábìlì. Lẹ́búlẹ́bú igi tó dà jáde nínú rẹ̀ tó kún abọ́. Bó ṣe jẹ́ pé ó dorí kodò, gbogbo ohun tó bá gé ló ń bọ́ padà sí i ní imú. Mo fi afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde. Mo tú ọmọrí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo yọ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wò. Ègé dúdú kékeré méjì ni wọ́n, àwọn ló ń gbé iná dé àárín ẹ̀rọ tó ń yí. Ọ̀kan ti jẹ tán, kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Mo sáré lọ ra méjì tuntun. Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé bọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí mo rò pé mo ti rí àrùn náà mú.

Eré rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n lílọ sókè wíwá sílẹ̀ yẹn kò tán.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ ìyàwó mi wú. Bàtà rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ló bá ń wọ sálúbàtà tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i. Mo ní ìdúró ló fà á, mo kan àga gíga kan fún un kó lè máa fi ìdí lé e. Ó tún ní gbogbo oúnjẹ ń dùn bí irin lẹ́nu òun. Kẹ́ńkẹ́ tó dà bí ẹ̀kọ, tí a máa ń rà lọ́sàn-án, ìdajì rẹ̀ ló máa ń kù nínú ewé. Mo ní lẹ́búlẹ́bú igi tó ń fà símú ni, kó máa fi aṣọ bo imú. Kò sí èyí tó sọ tí mi ò ní èsì fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé ráútà náà lọ sí Moshie Zongo, sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ọmọ Ìlọrin ni baba tó bí i, Haúsá ló ń sọ fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀, Mallam sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó kí mi ní "Sannu, sannu," ó gbé ẹ̀rọ náà lé orí itan, kò sì fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí.

"Ṣé bí igi bá wọ̀ ọ́ nìkan ló ń rọlẹ̀, àbí bó ṣe wà lófìfo náà?"

"Méjèèjì ni, Mallam."

"Ṣé bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni, àbí bó bá gbóná?"

"Bó bá gbóná ló ń pọ̀ jù."

"Ta ló ń lò ó?"

"Ìyàwó mi ni."

"Kí ni òun sọ? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára igi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Bi í, kí n tó tú u."

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Mo ní Mallam ń béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe sí i lọ́wọ́.

"Mi ò mọ̀ mọ́, Dádì," ló wí. "Nígbà mìíràn, mo rò pé ẹ̀rọ ni. Nígbà mìíràn, mo rò pé apá mi ni."

Mallam gbójú sókè, ó ń dúró de èsì.

Mo ní, "Ó ní ẹ̀rọ ni."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn títí. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Apá tó wù mí láti gbọ́ nìkan ni mo gbọ́, òun ni mo sì sọ.

Mallam tú ẹ̀rọ náà. Ó fi àwo kékeré kan tó wà nínú rẹ̀ hàn mí, tí wáyà tín-ín-rín pọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní àwo náà ló ń pàṣẹ bí ẹ̀rọ ṣe máa sáré, ibi tí wọ́n ti fi òjé lẹ wáyà kan mọ́ ọn sì ti là nítorí gbígbọ̀n ojoojúmọ́. Bó bá gbóná, ojú ibẹ̀ á ṣí, bó bá tutù, á padé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń sá, tó ń rọ. Ó ní kábọ́ọ̀nù tí mo pààrọ̀ kì í ṣe àṣedànù, ọbẹ náà kì í ṣe àṣedànù, gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́ pọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn máa ń fẹ́ kó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo," ló wí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ gbé e. Mo dè é padà sábẹ́ tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo tàn án, ohùn rẹ̀ dúró gbọnin, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Mo ti ìrókò kan kọjá níwájú ọbẹ rẹ̀, igi tó le bí òkúta, ohùn náà kò yí padà. Mo fọwọ́ ra etí igi náà, ó dán. Mo pe ìyàwó mi níbi tó jókòó sí.

"Wá tì í. Wá fọwọ́ ara rẹ gbọ́ ọ."

Ó dìde. Ó mú pákó kan, ó gbé e lé tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Nígbà tó dé ìdajì, pákó náà dúró. Ẹ̀rọ kò rọlẹ̀ rárá, ó ń yí bó ṣe ń yí, igi nìkan ni kò lọ mọ́. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lójú ibi tó dúró sí. Mo sáré na ọwọ́, mo pa ẹ̀rọ náà.

Ọwọ́ ìyàwó mi méjèèjì ṣì wà lórí pákó náà. Kò wò mí.

"Mabrɛ," ló wí. Ó ti rẹ̀ mí ni ìyẹn. Ó tún un sọ ní Yorùbá, bí ẹni pé mi ò gbọ́ Twi: "Ó ti rẹ̀ mí, Dádì. Ẹ̀rọ yín ti yá. Èmi ni mi ò lágbára."

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Ó funfun bí ẹ̀fun. Mi ò mọ ìgbà tó ti funfun tó bẹ́ẹ̀.

A wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lápá Bantama. Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá ń béèrè. Ìgbà wo ni orí fífọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ẹnu rẹ̀ ń yí padà? Èmi ni mò ń dáhùn. Mo mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé orí ń fọ́ òun, nítorí ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ọbẹ ni. Mo mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ wú, nítorí ọ̀sẹ̀ tí mo ra kábọ́ọ̀nù ni. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Dókítà náà dá kálámù dúró, ó wò mí, ó sì tún ń kọ̀wé lọ.

Kíndìnrín ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò mọ̀ sí ti ń bà á jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀ bíńtín ló sì kù.

Mo tẹ̀ lé dókítà náà jáde. Mo bi í bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣòfò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Rárá o. Nǹkan náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bí mo bá ti tètè gbé e wá ńkọ́?"

"Bàbá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún yín."

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro lọ sí Bantama, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ṣe tán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gba inú ọ̀pá rọ́bà jáde, á lọ, á padà. Nǹkan kékeré kan wà níwájú ẹ̀rọ náà tó ń yí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ náà lọ, mi ò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á wá dín eré rẹ̀ kù, èmi á sì tẹ́tí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi rí bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan obìnrin tó dùbúlẹ̀ lódìkejì. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, mo sọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi.

"Ó yẹ kí n ti gbọ́ nígbà tó o ní apá rẹ ni."

Ó fi ọwọ́ tí ọ̀pá rọ́bà kò sí kan ọwọ́ mi. "Èmi náà kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ni, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kẹ́ ẹ rí i tún ṣe, kó lè jẹ́ pé òun ni lóòótọ́."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ilẹ̀kùn mélòó ló kù. Mo ní márùn-ún. Ó ní kí n má jẹ́ kí onílé dúró mọ́.

Èmi ni mo parí wọn nídìí tábìlì náà, láwọn ọjọ́ tí a kì í lọ sí ilé ìwòsàn. Igi kan ò jó. Nígbà tí onílé dé, ó fọwọ́ ra etí gbogbo wọn, ó ní wọ́n dára, kò mọ ìyàtọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Tìyàwó mi máa ń rọra parí ní igun, kì í dá ojú àpá kankan sí ibi tí ọbẹ ti jáde. Tèmi ní àpá.

Ní oṣù kẹrin tí a ti ń lọ sí Bantama, wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, nítorí omi ti ń gun àyà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kóko, ògì gbígbóná, ń wu òun, òun tí kì í fẹ́ nǹkan kan lẹ́nu mọ́. Mo yọ̀. Mo sáré lọ rà á lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó fi súgà díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Nọ́ọ̀sì kan gba kóko náà lọ́wọ́ mi kó má baà dà. "Due," ló ń sọ, "due, due." Bí àwọn ará Kumasi ṣe ń kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú nìyẹn.

Mo fẹ́ fúnra mi kan pósí rẹ̀. Mo ti yan igi sílẹ̀. Àwọn káfíńtà Anloga, àwọn tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó, wá bá mi, wọ́n sì gba igi náà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbẹ́ etí ọmọrí rẹ̀ nìkan. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Jókòó. Lọ́jọ́ òní, ìwọ kì í ṣe káfíńtà." Wọ́n kàn án dáadáa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa sin ín pẹ̀lú orin. Mallam wá láti Moshie Zongo, ó jókòó síta lábẹ́ òrùn títí a fi ṣe tán.

Mo ṣì ń lo ráútà náà. Mi ò rí ẹlòmíràn fi sí ìdí rẹ̀, mi ò sì wá ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wa obìnrin kan ṣoṣo, tó ń ṣe tíṣà ní Cape Coast, dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ padà, ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpótí, èmi sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ara mọ́mì kò yá?"

Mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Mo ti ní èsì lọ́pọ̀lọpọ̀: pé àrùn náà kò pariwo, pé dókítà ní ó ti pẹ́, pé ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sọ. Òótọ́ ni gbogbo wọn.

"Mo rí i," ni mo wí. "Ojoojúmọ́ ni mo rí i. Orúkọ mìíràn ni mò ń pè é."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ tó ń ká. Mo rò pé yóò sunkún, tàbí pé yóò bá mi wí, mo sì ti múra sílẹ̀ fún èyíkéyìí. Ó ká aṣọ náà tán, ó fi í sínú àpótí, ó sì wá jókòó tì mí.

"Nígbà tí mo bá pè é lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí gùlegùle," ló wí. "Mo rò pé ó ń rìn ni."

Nígbà tó yá, ó dìde lọ po tíì, ó gbé tèmi wá, a sì jọ mu ún títí ọkọ̀ rẹ̀ fi dé.